Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Jẹun

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì

Ẹyẹlé mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àìrójú. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, àfi eegun tó ń dun àgbà.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà lo rí gbà. Fóònù yẹn ló sú mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mò ń sọ̀rọ̀, mò ń sọ̀rọ̀, mo ní, "Ṣé ò ń gbọ́ mi?" Ìwọ ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́tà ò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá sùn lé e lórí, wàá jí, wàá tún bá a níbẹ̀, kò ní bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Wẹ́dà yín, ní orúnkún òun ti wú. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, ó ní kí ni òun ń wá lọ sí ọsibítù nígbà tí òun ní dókítà nínú ẹbí. Kí o sọ oògùn tí yóò rà. Ìyàwó onílé òdìkejì náà kó ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá, mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o ò tíì fèsì. Àbúrò rẹ̀ tó lóyún náà fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Mo ti fún un ní nọ́ńbà rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Tíṣà mọ́? Ìyá Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Bí mo bá ń kọjá, àwọn tó jókòó á dìde kí mi. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ABD, ta ló dìde? Ọlọ́run má jẹ́ kí ògo yẹn wọmi.

Nígbà wo lò ń bọ̀ wálé láti òkè òkun yẹn? O ní ìparí ọdún tó kọjá, mo fọ aṣọ fèrèsé, mo tún yàrá rẹ ṣe, o ò wá. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ilé yìí ti fẹ̀ jù fún ènìyàn kan. Má fi "ó máa tó" dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta

Ìyá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mà. Lẹ́tà yín dé. Mo sùn lé e lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo jí, mo sì kà á tán.

Orúnkún Bàbá Wẹ́dà, mi ò lè tọ́jú orúnkún tí mi ò fọwọ́ kàn. Kí wọ́n dákun lọ sí ọsibítù. Ìwé àyẹ̀wò ìyàwó onílé, màá wò ó. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Dókítà méjì ló ti fi wọ́ọ̀dù wa sílẹ̀, wọn ò tíì gba ẹnì kankan dípò wọn. Iṣẹ́ àwọn tó lọ kò bá wọn lọ, orí àwa tó kù ló já lé. Màá po tíì láàárọ̀, nígbà tí mo bá fi máa rántí rẹ̀, á ti tutù bí omi kànga. Ìdúró ni mo ti ń jẹun, lọ́jọ́ tí mo bá jẹ. Lọ́jọ́ kan mo délé, mo sùn lórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti káàdì iṣẹ́ lọ́rùn. Ìwé àwọn aláìsàn ni mo ń kọ lójú àlá.

Ọ̀gá wa ní kí n máa lọ rí kóòṣì kan. Ọsibítù ló ń sanwó. Obìnrin ni, òun náà ti ṣe dókítà rí. A máa ń jókòó sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó wúlò.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí kúrú. Wọ́n ń pè mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹrin

Ẹyẹlé mi,

Mo kí ọ o. Kóòṣì kẹ̀? Mo ka ibẹ̀, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún ibẹ̀ kà. Ìwọ tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn pápá kó o máa ṣọ́ báàgì àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ṣé bọ́ọ̀lù lo wá fẹ́ máa gbá nígbà tí ewú ti ń yọ? Mo bi Bàbá Wẹ́dà, ó ní ó ṣeé ṣe kí ọsibítù yín ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, pé bóyá ìwọ ni yóò máa ṣọ́ ilé.

Ìyàwó onílé òdìkejì ló wá là mí lọ́yẹ̀ pé ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, tó ń gbani níyànjú ni. Ó tán! Àwọn kan ń ta aṣọ, àwọn kan ń ta bàtà, lọ́dọ̀ tiyín etí ni wọ́n ń tà. Ìyànjú wo ló wà lẹ́nu àjèjì tí kò sí lẹ́nu ìyá rẹ? Gba tèmi lọ́fẹ̀ẹ́: wẹ̀, jẹun, gbàdúrà, kó o padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ni kì í rẹ̀? Mo dúró síwájú kíláàsì tí èrò inú rẹ̀ tó ti ọjà, yàrá tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, kò sí kóòṣì tó bi mí pé báwo ni.

Aboyún yẹn ní òun pè ọ́ títí, o ò gbé e. Ojú tì mí. Mo ní bóyá o wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kóòṣì yìí fún ẹlòmíràn. Wọ́n á ní orí ọmọ Ìyá Dókítà ti ń yí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi,

Mo kí yín, mà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá Wẹ́dà ti ní èmi ni màá ṣọ́ ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣé.

Ohun kan wà tí mi ò lè sọ lórí fóònù. Kí ọ̀gá tó rán mi lọ sọ́dọ̀ kóòṣì, obìnrin kan kú ní wọ́ọ̀dù wa. Kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi ló bọ́ sí lọ́wọ́ láti sọ fún ọkọ rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo mú un wọ yàrá kékeré tá a máa ń lò fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó fi fìlà bo ojú, ó ń sunkún. Ìyá mi, ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń rò? Mò ń rò ó bóyá ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ nísàlẹ̀ kò tíì tì. Mò ń wo omijé ọkùnrin yẹn bí ẹni ń wo òjò lójú fèrèsé. Kò ta sí mi lára. Nígbà tó yá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ ṣeun, dókítà. Mo rí i pé ẹ gbìyànjú."

Ìbá sàn kó bú mi. Mo dé inú mọ́tò mi, mo jókòó, mi ò mọ ohun tó kàn láti ṣe. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló wá kan gíláàsì, tó ní ṣé kò sí.

Mo sọ ọ́ fún kóòṣì. Ó ní, "Tí dókítà mìíràn bá wá jókòó síwájú rẹ, tó sọ ohun tó o sọ yìí, kí ni wàá sọ fún un?"

Mo ní, "Màá ní ara rẹ̀ ò yá. Màá ní kó lọ sinmi."

Ó ní, "Kí ló wá dé tí òun fi jẹ́ aláìsàn, tí ìwọ sì jẹ́ ènìyàn burúkú?"

Iṣẹ́ tó fún mi lọ́jọ́ náà kò ju pé kí n máa jókòó jẹun ọ̀sán. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé mi ò rí i ṣe. Tí mo bá ti jókòó, tí ẹnì kan bá wúkọ́ ní kọ́rídọ̀, mo ti dìde.

Mo ti pinnu nǹkan méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ipò ọ̀gá dókítà tí wọ́n fẹ́ fún mi á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìkejì ni pé kí ẹ bá mi bẹ àwọn ará ilé, kí wọ́n má fi àìsàn pè mí mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kí wọ́n pè mí láti kí mi. Kò sẹ́ni tó kí mi rí kó má bi mí léèrè oògùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí kí ọwọ́ mi má baà kọ ohun tí kò dáa. Ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, inú ṣì ń bí mi, jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́.

O ò sunkún, ó wá di wàhálà? Ta ló rán ọ ní ẹkún? Ìtọ́jú ni wọ́n kọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀! Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ipò tí mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ó ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, o fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn nítorí pé obìnrin kan tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀ ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sá.

Kí n wá bá Bàbá Wẹ́dà, ẹni tó gbé ọ kọ́rùn lọ sí ilé ìwé nígbà tí odò kún, kí n ní kó má pè ọ́? Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́? Tí o ò bá fẹ́ ṣe dókítà mọ́, là á mọ́lẹ̀ kí n gbọ́. Ìyà jẹ mí kí n tó tọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò bí ọ̀lẹ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹfà

Ẹyẹlé,

Mi ò gbúròó rẹ. Fóònù rẹ kò lọ. Bóyá lẹ́tà mi ló sọnù lọ́nà, irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Tí ó bá sọnù, kò sí ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ara mi le. Òjò ń rọ̀. Kọ̀wé.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹjọ

Ẹyẹlé mi, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo ní kí wọ́n bá mi wá nọ́ńbà ọsibítù yín, mo pè é. Obìnrin tó gbé e ní o wà láàyè, pé o wà nílé, pé òun ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Wà nílé, kí lò ń ṣe níbẹ̀?

Nítorí pé a ò rí ọ pè, Bàbá Wẹ́dà gbà pé kí n mú òun lọ sí ọsibítù. Èrò kún ibẹ̀ bí eéṣú. A jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀. Dókítà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, géńdé kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ìlà ò lọ mọ́. Bàbá Wẹ́dà ń kérora. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Mo bá a tó ń jẹ búrẹ́dì.

Mo ní, "Dókítà! Àgbàlagbà ń kú lọ níta, ìwọ ń jẹun?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi gbè mí: "Ẹ bá wa sọ fún un, màmá!"

Ọmọ náà kò bá mi jà. Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó dá búrẹ́dì padà sínú dúrọ́ọ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní kí ẹni tó kàn wọlé.

Nígbà tó kàn wá, ó fara balẹ̀ yẹ orúnkún náà wò, ó ń bi Bàbá Wẹ́dà ní ìbéèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ó bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo dé síbí láàárọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Màmá, mi ò tíì lọ sílé láti àná ni."

Mo wá wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú náà ti rí bí eérú. Mo ní, ọmọ ẹnì kan rèé. Ìyá kan wà níbì kan tó ń fi eléyìí yangàn láàárín ọjà, kò sì mọ̀ pé èmi ni mo já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹyẹlé, gbogbo ohun tó o kọ sí mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú orí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mú Bàbá Wẹ́dà jáde, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí dókítà jẹun."

Wọ́n hó lé mi lórí. Obìnrin kan ní, "Ṣebí ìwọ lo kọ́kọ́ pariwo?"

Mo ní, "Èmi ni. Mo ti ṣíwọ́."

Mo dúró síbẹ̀ bí mo ṣe máa ń dúró ti kíláàsì tí kò gbọ́ràn. Mi ò kúrò títí ó fi yọjú fúnra rẹ̀, tó ń jẹ èyí tó kù lẹ́nu.

Lẹ́tà oṣù Karùn-ún kò sọnù, mo mọ̀. Mi ò lè pa á rẹ́. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, fi bébà òfo sínú àpòòwé. Kí n sáà rí i pé ìwọ lo kọ àdírẹ́sì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀, mà. Bébà yìí kò ṣófo.

Lẹ́tà oṣù Karùn-ún, mo kà á dé "ọ̀lẹ", mo ká a padà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbé mi ṣubú, ẹ má gbé ìyẹn sọ́kàn. Lọ́sẹ̀ náà, kí ọjọ́ mẹ́ta tí mo béèrè tó bẹ̀rẹ̀, mo dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù láàárọ̀ kan, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò wọlé. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Nọ́ọ̀sì àgbà wa di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, ó ní, "Dókítà, lónìí ìwọ ni aláìsàn." Wọ́n fún mi ní ìsinmi. Mo pa fóònù. Mo sùn bí òkúta tí wọ́n sọ sínú kànga. Tí mo bá jí, ẹkún ni, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sun ún sí.

Kóòṣì wá wò mí nílé. Ó ní ohun tó ń ṣe mí ti ju agbára òun nìkan lọ, ó bá mi wá dókítà tó ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì. Mo ń rí àwọn méjèèjì. Dókítà ń fún mi ní oògùn, kóòṣì ń fún mi ní iṣẹ́ kéékèèké. Ó ní kí n wá ohun kan tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, kí n máa ṣe é. Mo wá a tì. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ló wúlò fún ẹlòmíràn. Mo wá lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni lómi wíwẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ló kún ibẹ̀. Wọ́n ń kọjá lára mi bíi pẹ́pẹ́yẹ, èmi ń mumi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Má bá omi jà, kò ṣe ọ́ ní nǹkan." Mo ti ń léfòó díẹ̀ báyìí. Tí etí mi bá ti wọ inú omi, kò sẹ́ni tó lè pè mí.

Lẹ́tà búrẹ́dì dé. Mo kà á tán, mo sunkún nítorí ọmọkùnrin yẹn. Ìyá mi, lọ́jọ́ yẹn, mo mọ ohun tí mò ń sun ẹkún sí.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò ọ̀gá. Mo rò pé kò ní dùn mí. Ó dùn mí.

Mo fẹ́ wálé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá dé, ìlà á gùn láti pálọ̀ dé títì. Mi ò tíì lè gbé e, mà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹwàá

Ẹyẹlé mi,

Kú ìrọ́jú. Kú orí ire. Wá sílé.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ipò yẹn kò ta mí nínú. Ó ń ta mí. Tí mo bá ń gbálẹ̀ ni mo máa ń rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ìyàwó onílé òdìkejì tún mú ìwé dé: "Ìyá Dókítà, ẹ bá mi fi ránṣẹ́." Mo ti fẹ́ gbà á. Mo wá ní, "Ara ọmọ mi kò yá. Iṣẹ́ ló dá a dùbúlẹ̀."

Ẹnu yà á. Ó ní, "Dókítà fúnra rẹ̀?"

Mo ní, "Ṣé irin ni wọ́n fi rọ dókítà ni?"

Mo rò pé á jáde lọ ròyìn. Ó jókòó ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, wọ́n kàn ń sọ fún ènìyàn pé ó lọ kàwé sí i ni. A jọ jókòó pẹ́. Nígbà tó ń lọ, ó mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, ó ní òun á gbé e lọ fún dókítà onírùngbọ̀n kékeré yẹn, pé òun á gbé búrẹ́dì dání.

Má sọ ọjọ́ tó o máa dé fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ìlà kan kò ní wọ ilé mi. Tíṣà ni mí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìíní

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, mà. Mo ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n sùn nígbà tí mo wá. Mo gbọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń sọ fún àwọn ènìyàn pé mi ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Tíṣà tó ń parọ́! Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ má bínú ọjọ́ tí a jà. Ẹ bi mí bóyá wọ́n ṣì lè dá ipò náà padà fún mi, mo fi ìbínú jáde láìwọ bàtà. Mo ti rìn jìnnà kí n tó bojú wẹ̀yìn, mo rí yín tí ẹ ń tẹ̀lé mi, ẹ gbé bàtà mi dání. A rìn bẹ́ẹ̀ dé ìpẹ̀kun títì. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní, "Ó ti tó, jẹ́ ká jókòó." Mo ti sọ ọ́ fún kóòṣì. Ó ní, "Ìyá rẹ dáa." Mo ní, "Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí mo ń lọ, ẹ bi mí ní pápákọ̀ òfurufú bóyá ó ṣì ń rẹ̀ mí. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ lọ́jọ́ náà. Mo ti mọ̀ ọ́n sọ báyìí. Ó ń rẹ̀ mí, mà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú àárẹ̀ tó máa ń bá mi jí tẹ́lẹ̀. Wọ́ọ̀dù ṣì kún, wọn ò tíì gba ènìyàn kún wa, dókítà kan tún ti ní òun ń lọ. Lánàá iṣẹ́ pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ mi wú. Mo délé, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, mo jẹun, mo sùn.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ yìí, àárẹ̀ náà ti lọ.

Ọmọ yín.